Ilé Ẹmu, Ilé Àlejò: Láti Fegge dé Ilẹ̀ Ireland

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ìtàn kan sí i, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ Ọjà Ńlá ni màá kọ, tàbí ọ̀rọ̀ afárá orí Odò Ọya. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ilé ọtí ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn pásítọ̀ àti àwọn ààfáà wa yóò lejú sí mi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fara balẹ̀ kà á dé òpin. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ mutí. Bí àlejò ṣe ń di ẹni tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ nílùú onílùú ni mo fẹ́ sọ, ìdí agbè ẹmu sì ni mo ti kọ́kọ́ rí i.

Ọmọ Iléṣà ni bàbá mi, aláṣọ sì ni. Ẹ̀yin àgbà mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ nígbà náà: òṣómàáló. Wọn a ta aṣọ ní àwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè pé àwọn kò ní dìde títí owó àwọn yóò fi pé. Ọdún 1954 ni bàbá mi dé Onitsha, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí mi. Lálẹ́, bí ó bá ti ká aṣọ nílẹ̀ tán, ilé ẹmu kan ní Fegge ni ó máa ń gbà lọ. Ahéré lásán ni: òpó ọparun, imọ̀ ọ̀pẹ lórí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀, bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Obìnrin Ìgbò kan ló ni ín, Mama ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹni tó bá ti ń wá déédéé ní ahá tirẹ̀ tí wọ́n fi okùn so kọ́ sára òpó, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fi í mu. Ahá bàbá mi wà ní òpó kejì láti ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń rán lọ pè é wálé oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹmu fúnra rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé inú ike nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Adẹ́mu yóò fi igbà gun ọ̀pẹ ní ìdájí, yóò sọ akèrègbè tó so sókè kalẹ̀. Oje tó wà nínú rẹ̀ dùn bí omi ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára akèrègbè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Láàrin wákàtí méjì péré agbára ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó bá fi di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń kan, bó bá sì di ọ̀túnla ó ti di ọtí kíkan pátápátá. Ẹmu kò ṣeé kó pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ wá bá a níbi tó wà, ní àkókò tirẹ̀, kí ó sì bá àwọn tó bá níbẹ̀ jókòó. Lójú tèmi, èyí ló dá ilé ẹmu sílẹ̀. Bíà inú ìgò ni èèyàn lè gbé lọ sílé lọ dá mu.

Àwọn Ìgbò ń pe ẹmu ọ̀pẹ ní nkwụ, wọ́n ń pe ògùrọ̀ ní ngwọ. Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Àríyànjiyàn yẹn kò tán ní Fegge títí ogun fi dé. Onílé ni yóò kọ́kọ́ bu tirẹ̀ mu kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìgbéyàwó wọn gan-an, orúkọ ẹmu ni wọ́n fi pè é, ịgba nkwụ: ọmọbìnrin yóò gbé ife ẹmu káàkiri àwùjọ, yóò máa wá ẹni tó fẹ́ràn, bó bá sì kúnlẹ̀ gbé e fún un tí ọkùnrin náà mu ún, ọ̀rọ̀ parí. Àwa náà kò kéré nídìí ẹmu. Ìtàn Ifẹ̀ tí gbogbo wa gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa sọ pé ẹmu ló kun Ọbàtálá lójú orun lójú ọ̀nà, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn olórìṣà funfun kì í fi í mu ún. Ìwé tí ọmọ Abẹ́òkúta nì, Amos Tutuola, fi gbajúmọ̀ ní London ní 1952, ọ̀rọ̀ ọ̀mu ẹmu ló dá lé. Orin jùjú pàápàá, láti ilé ẹmu àti àríyá kéékèèké Èkó ló ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí Tunde King ń lu gìtá ní Olówógbówó láàrin àwọn Sàró. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn Sàró náà, ọmọ àtìpó tó ti òkè òkun padà wá ni wọ́n.

Mo fẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ àtìpó yìí sọ́kàn, nítorí òun ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ireland.

Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ hàn gbangba nínú ìwé ìtàn Onitsha ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821. Ní oṣù July 1857, ọkọ̀ ojú omi Dayspring tí Dókítà Baikie jẹ́ olórí rẹ̀ gbé e gun Odò Ọya dé ibí. Ọbí Akazua gbà wọ́n lálejò, Crowther sì fi Àlùfáà J. C. Taylor sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ ìjọ CMS. Ìgbò ni àwọn òbí Taylor, ṣùgbọ́n Sàró ni wọ́n bí i sí. Àlejò wá sílé baba rẹ̀, ẹ ò rí nǹkan! Àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń kó epo pupa lọ, wọ́n sì ń kó àpótí jíìnì bọ̀, títí tó fi jẹ́ pé ní àwọn ibì kan nísàlẹ̀ odò, ìgò jíìnì di owó tí wọ́n fi ń ná ọjà. Crowther kò fẹ́ràn òwò yẹn rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlùfáà bíi James Johnson tí wọ́n jìjọ jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Ní ìparí ọdún 1885, àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì mẹ́rin dé, Fadá Joseph Lutz ni aṣáájú wọn. Ará Faransé ni wọ́n, wọn kò ní ilẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn ìjọ Kátólíìkì fúnra wọn ló sọ pé Crowther, tí ìjọ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn, yọ̀ǹda ilẹ̀ tí Ọbí ti fún CMS kí wọ́n lè rí ibi dúró sí. Ẹ jẹ́ kí á tún un sọ kí àwọn ọmọ wa lè gbọ́: ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni ìjọ Kátólíìkì ti rí ilẹ̀ tẹ̀ ní Onitsha. Ní 1902, Fadá Joseph Shanahan wá bá wọn, ọmọ oko láti Glankeen ní àgbègbè Tipperary ní ilẹ̀ Ireland. Ó di olórí iṣẹ́ náà ní 1905, bíṣọ́ọ̀bù ní 1920. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ireland pátápátá. Wọ́n sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Ìgbò. Nairobi ló kú sí ní 1943, ṣùgbọ́n ní 1956 wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wá sin sí kàtídírà Holy Trinity tiwa níbí.

Ọ̀kan nínú àwọn Fadá wọ̀nyí máa ń kọjá ní Fegge lórí alùpùpù nígbà tí mo wà ní kékeré. Kì í mu ẹmu, ṣùgbọ́n á dúró, á fi èdè Ìgbò kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, á bèèrè ọjà. Bàbá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan ó wo ahéré náà yíká, ó ní, "Báyìí gẹ́lẹ́ ni ilé ọtí abúlé wa rí." Àwọn ará ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó wo ni ilé rẹ̀ yóò rí bí ilé ẹmu? Wọ́n ní Fadá ń pọ́n àwọn lé ni. Bàbá mi tún ìtàn yẹn sọ títí tó fi kú, ẹ̀rín ni ó sì máa ń fi parí rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní 2009, Ọlọ́run jẹ́ kí n lọ wò ó fúnra mi. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Ireland. Àwa Yorùbá ti pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ọdún 2007 ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó wá sí ìlú wọn gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi ní 2000, di olórí ìlú Portlaoise, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Mo sọ fún ọmọ mi pé mo fẹ́ rí Tipperary tí Shanahan ti wá. Ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀, òjò ń pa wá lọ, òjò ń pa wá bọ̀. Nígbà tó yá a yà sí abúlé kan, ọkọ rẹ̀ sì nawọ́ sí ilé kan pé, "Bàbá, ilé ọtí tiwọn nìyẹn."

N kò bá mọ̀ pé ilé ọtí ni. Ilé gbígbé lásán ni, orúkọ ìdílé tó ni ín ni wọ́n kọ sókè ìlẹ̀kùn, kò sí àmì bíà tàbí iná tó ń ṣẹ́jú. Òrùlé inú rẹ̀ kò ga, iná sì ń jó nínú ààrò. Kì í ṣe igi ni wọ́n ń dá o, ilẹ̀ ni wọ́n ń dá! Ilẹ̀ dúdú kan wà ní àbàtà wọn tó jẹ́ koríko tó ti jẹrà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi dáná. Òórùn rẹ̀ jọ ti ẹja yíyan. Ní ọwọ́ òsì, pẹpẹ ọjà: tíì, ṣúgà, ìṣó, bàtà òjò, okùn màlúù. Ní ọwọ́ ọ̀tún, pẹpẹ ọtí. Ẹnì kan náà ló ń tà lápá méjèèjì. Ọkọ ọmọ mi ní ní àwọn abúlé mìíràn ẹni tó ń ta ọtí náà ló ń ṣètò ìsìnkú, òun náà ló sì ń ta pósí. Mo ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pé nìyẹn.

Ní kọ̀rọ̀ kan, wọ́n fi pákó kọ́ yàrá kékeré kan tó ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin máa ń jókòó láyé àtijọ́ kí ojú má bàa rí wọn, àti Fadá, àti ọlọ́pàá, nítorí obìnrin tó bá jókòó síta mutí láàrin ọkùnrin kì í níyì lójú wọn. Títí di ìgbà tí òfin wọ́n fi kà á léèwọ̀ ní 2000, àwọn ilé ọtí kan wà tí kì í ta ife bíà ńlá fún obìnrin. Ẹ wá fi èyí wé Mama ní Fegge, tó ń pàṣẹ fún ọgbọ̀n ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a lóhùn! Àmọ́ ṣá o, nílùú wọn náà, opó tó jogún ilé ọtí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ìyá àgbà kan ló ń tà níbi tí a dé yìí.

Ohun tó mú mi láyà jù ni ìwé kan tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, ìwé ńlá tí awọ rẹ̀ ti gbó. Ọmọ mi bá mi bi ìyá náà léèrè rẹ̀. Ó ní ìwé gbèsè ni. Láyé àwọn bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kì í rí owó àfi tí ó bá ta màlúù tàbí tí ìkórè bá dé, nítorí náà gbogbo ọdún ni wọ́n fi ń rajà ní àwìn, tíì àti ọtí pọ̀, tí wọ́n á sì san án lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mìíràn nínú àwọn onílé ọtí báyìí fi àwìn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ tálákà, àwọn ènìyàn sì kórìíra wọn títí di òní. Àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọlúàbí. Mo ronú kan òṣómàáló lórí ìdúró.

Mo tún rí i pé bí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó, ọ̀kan yóò ra ọtí fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ó kan ẹnì kejì, títí yóò fi yí ká. Ẹni tó bá mu ti àwọn ẹlòmíràn tí kò ra tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ ní abúlé. Kí ni èyí bí kò ṣe èésú?

Ògógóró náà ń bẹ lọ́dọ̀ wọn. Poitín ni wọ́n ń pè é, ọtí líle tí wọ́n ń pọn ní kọ̀rọ̀ orí òkè. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1661 nítorí owó orí, òfin yẹn kò sì kúrò pátápátá títí di 1997. Ìdí kan náà ni wọ́n fi fòfin de ògógóró lọ́dọ̀ wa: owó ibodè lórí jíìnì tó ń ti Yúróòpù wọlé wà lára owó tó pọ̀ jù tí ìjọba amúnisìn Gúúsù Nàìjíríà ń rí, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pọn tirẹ̀ nínú igbó. Bí ọlọ́pàá ṣe ń lé wọn kiri ní Tipperary, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lé àwọn tiwa kiri ní etí odò. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pe tiwọn ní sódabì, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ bọ̀ láti ojú ogun ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn mẹ́ta gbé gòjé òyìnbó àti fèrè jáde, wọ́n ń lù ú láìsí pé ẹnikẹ́ni sanwó fún wọn. Mo rò pé láti ayébáyé ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wádìí lẹ́yìn náà, mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé gbígbé àti oríta ni àwọn baba wọn ti ń lu ìlù yẹn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ọmọ Ireland tó lọ ṣe lébìrà ní London, tí wọ́n ń gbé yàrá kan ṣoṣo láìsí pálọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun èlò orin wọn lọ sí ilé ọtí Camden Town, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè pàdé. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni àṣà náà ti gbilẹ̀ padà dé ilé. Ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní ìṣẹ̀ǹbáyé Ireland, ọwọ́ àtìpó ló ti wá, gẹ́gẹ́ bí jùjú ti ti ọwọ́ àwọn Sàró wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Guinness kíá, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ń dúró dè é. Arthur Guinness háyà ilẹ̀ tó fi ṣe ilé ìpọntí rẹ̀ ní Dublin ní 1759 fún ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún, ní pọ́n-ún márùndínláàádọ́ta lọ́dún. Ní 1827 ọtí rẹ̀ ti dé Sàró. Ní 1962 wọ́n kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkejà, àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn odi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Nígbà tí ìjọba wa kò jẹ́ kí wọ́n kó bálì wọlé mọ́ láti 1988, ọkà bàbà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ní 2007 ìròyìn jáde pé Nàìjíríà ń mu Guinness ju ilẹ̀ Ireland fúnra rẹ̀ lọ. Mo tọ́ tiwọn wò ní abúlé yẹn. Ó rọ̀ lẹ́nu, ìfófó rẹ̀ dà bí wàrà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti Ìkejà tí a ń pè ní Odeku jẹ́ ìdá méje àti ààbọ̀. Mo sọ fún wọn pé omi ni wọ́n ń mu. Inú wọn kò dùn sí i.

Àwọn ìwé kékeré ọjà Onitsha náà kò gbàgbé ilé ọtí. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé bẹ́ẹ̀ ní rẹpẹtẹ nílùú yìí, Okenwa Olisah kọ ọ̀kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní *Drunkards Believe Bar as Heaven*. Ìkìlọ̀ ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí mo rí ọkùnrin méjì lórí bẹ́ǹṣì Mama tí owó ilé ìwé ọmọ wọn bá ẹmu lọ. N kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1966, lẹ́yìn ìpakúpa òkè ọya, nígbà tí àwọn Ìgbò ń rọ́ padà wálé pẹ̀lú ọgbẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kì í ṣe ará Ìlà-Oòrùn kẹ́rù wa. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Orí afárá tuntun, tí kò tíì ju ọdún kan lọ, ni ọkọ̀ akẹ́rù gbé wa gbà lọ sí Asaba. Ní oṣù October 1967 wọ́n fi àdó olóró fọ́ apá kan afárá náà. Ní March 1968 àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Onitsha, ọjà sì ti jóná. Àwọn Fadá Ireland kò kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn. Nílé wọn lọ́hùn-ún, láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń dáwó. Ní 1968 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Africa Concern sílẹ̀ ní Dublin, wọ́n sì rán ọkọ̀ ojú omi kan, Columcille, tó kó oúnjẹ lọ sí São Tomé, ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti ń kó o wọ Uli lóru. Nígbà tí ogun parí ní January 1970, ìjọba kó ọ̀pọ̀ àwọn Fadá náà lọ sílé ẹjọ́ ní Port Harcourt pé wọ́n wọ orílẹ̀-èdè láìgba àṣẹ, wọ́n sì lé wọn padà. Àwọn mìíràn ti lo ogún ọdún níbí. Wọn kò rí àyè dágbére.

Bàbá mi padà ní 1971. Ó mú mi dání. Ahéré Fegge kò sí mọ́, òpó kan kò sí. A bá Mama lẹ́bàá títì lábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú agbè méjì. Ó ti gbẹ. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ti bá ogun lọ. Owó Biafra tó kó jọ sì ti di bébà lásán. Bàbá mi kò mọ ohun tí yóò sọ. A jẹ́ Yorùbá, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa nígbà náà. Mama gbójú sókè, ó wò ó títí, ó wá sọ lédè Ìgbò pé, "Ṣílè méje àti sísì."

Gbèsè ni. Ṣọ́ọ̀kì ni ó máa ń fi kọ gbèsè sára pákó tẹ́lẹ̀. Pákó ti jóná, ṣùgbọ́n ó wà lórí rẹ̀. Bàbá mi, òṣómàáló tó ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn fún ọdún méjìlá, lóṣòó síwájú obìnrin náà lẹ́bàá títì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fún un ní ṣílè mẹ́wàá. Mama wá ṣéńjì fún un pé, kò gba ẹ̀bùn. Bàbá mi sọ fún mi lọ́nà ilé pé, "Wọ́n ṣì mọ̀ mí níbí." Ọjọ́ kejì ló wá ilé.

Ìtàn yìí ni mo sọ nínú ilé ọtí Tipperary, ọmọ mi ń túmọ̀ èyí tí Gẹ̀ẹ́sì mi kò ká. Kí n tó sọ ọ́, wọ́n ti bi mí pé ará ibo ni mí, mo ní Nàìjíríà. Àwọn kan mi orí. Bàbá arúgbó kan tó jókòó nídìí iná ní, "Ibo ní Nàìjíríà?" Mo ní Onitsha. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní, "Nnọọ. Kedu?"

Ẹnu yà mí. Mo dá a lóhùn pé, "Ọ dị mma." Gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni Fadá tó lo ọdún mẹ́tàdínlógún ní Onitsha àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n dá padà ní 1970. Ó ní títí ó fi kú, bí ó bá ti wọ inú ilé ọtí yìí, èdè Ìgbò ni ó máa kọ́kọ́ fi kí gbogbo ènìyàn, tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ó rò pé Ìgbò ni mí. Mo ní rárá, Yorùbá ni mí. Ó ní, "Kí ni ẹ wá ń ṣe ní Onitsha?" Mo ní, "Kí ni ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe níbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Mo bi í bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gun alùpùpù. Ó ní gbogbo wọn ló ń gun alùpùpù.

Ọtí yí ká. Nígbà tó kàn mí, mo na owó sí ìyá àgbà náà, ó kọ̀ ọ́. Ó fa ìwé ńlá yẹn jáde, ó ṣí i síbi tó mọ́, ó kọ orúkọ mi sí i bí ó ṣe gbọ́ ọ, kò kọ ọ́ dáadáa, ó sì kọ Onitsha sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n san án bí mo bá tún padà wá.

N kò tíì padà. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ní kí ọmọ mi bá mi lọ san án. Ìlẹ̀kùn wà ní títì, wọ́n kọ "Ilé yìí wà fún títà" sára fèrèsé. Láàrin 2005 àti 2021, ó ju ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ ilé ọtí tó kógbá sílé ní ilẹ̀ Ireland, ti abúlé ló pọ̀ jù nínú wọn: òfin awakọ̀ tó mutí le sí i, ọtí di ọ̀pọ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn ọ̀dọ́ sì ti lọ sí ìlú ńlá. Owó náà ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ mi nínú àpòòwé, ó kọ orúkọ abúlé náà sí i lára.